Abẹ́rẹ́ ló ń sọ ibi tí iná yóò dúró: Bí ooru àti òwú ṣe ń dá ọnà sára aṣọ ọ̀rá

Ní Àjàǹgbádì, ní Ìbà àti ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò, bó ṣe rí káàkiri agbègbè Ọ̀jọ́ nípìnlẹ̀ Èkó, kò sí ọjọ́ tí iná kì í kan aṣọ. Télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣífọ́ọ̀nù tàbí sátínì yóò tan àbẹ́là, yóò sì fi etí aṣọ náà gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá kí fọ́nrán rẹ̀ má baà máa tú. Onídìrí tó di irun tán yóò ki ìdí irun àtàṣímẹ́ǹtì bọ inú omi gbígbóná kí ó lè wálẹ̀ geere. Apẹja tó ń lo okùn náílọ́ọ̀nù létí ọ̀sà yóò fi iná pa orí okùn náà pọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oníṣẹ́ ọnà nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò: wọ́n mọ̀ pé ohun tí a fi kẹ́míkà ṣe kì í jóná bí ewé, yíyọ́ ló máa ń yọ́, ẹni tó bá sì mọ ìgbà tí yóò yọ́ lè dárí rẹ̀ síbi tó wù ú.

Láwọn ilẹ̀ òkèèrè, ọgbọ́n yìí ti di ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tó dá dúró. Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Beal, gbé ìwé odindi jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2005, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi irin gbígbóná gé aṣọ, kí wọ́n fi lẹ aṣọ mọ́ra, kí wọ́n sì fi ya àmì sára rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká yẹ̀ wò ni pé: kí ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lágbègbè wa lè rí gbà nínú iṣẹ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló wà nítòsí, tí ọgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́?

Irú aṣọ tí a ń sọ

Aṣọ tó ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá ni àwọn baba wa mọ̀ jù. Ara igi òwú ni òwú ti ń wá, ara kòkòrò ni sányán ti ń wá. Aṣọ ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ohun èlò rẹ̀. Lọ́dún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ DuPont, ní Amẹ́ríkà, ṣe náílọ́ọ̀nù jáde. Lọ́dún 1941 ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, John Whinfield àti James Dickson, ṣe fọ́nrán pólíẹ́sítà. Láti ìgbà náà ni irú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Lónìí, púpọ̀ nínú sátínì, ṣífọ́ọ̀nù, ọ̀gánsà, gèlè tó ń dán yanran àti òwú tí télọ̀ fi ń ránṣọ ló jẹ́ pólíẹ́sítà.

Bí aṣọ òwú bá kan iná, yóò jó di eérú, ohun tó bá ti di eérú kò sì tún ṣe é tún ṣe. Ti aṣọ ọ̀rá yàtọ̀. Ó ní ìwọ̀n ooru tí yóò kọ́kọ́ mú un rọ̀, ó sì ní ìwọ̀n tó ga ju ìyẹn lọ tí yóò mú un yọ́. Pólíẹ́sítà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú nígbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 70°C sí 80°C, ṣùgbọ́n kò ní yọ́ títí ooru náà yóò fi súnmọ́ 260°C. Àárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni oníṣẹ́ ọnà ti ń rí àyè ṣiṣẹ́. Bó bá ká aṣọ náà po nígbà tó rọ̀, tó sì jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀, bó ṣe ká a ni yóò máa wà.

Oríṣiríṣi ọ̀rá ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀rá omi inú ọ̀rá tí à ń mu, èyí tó jẹ́ pólítínì, máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 110°C. Pólípírópílìnì, tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì àti báàgì "Ghana-must-go", máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 165°C. Oríṣi náílọ́ọ̀nù kan máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 220°C, òmíràn a sì tó 260°C. Ìdí nìyí tí áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo fi lè lọ aṣọ kan dáadáa, kó sì ba òmíràn jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà. Àmì tó wà lára áyọ́ọ̀nù oníná ń ran èèyàn lọ́wọ́: àmì tóótó kan ń tọ́ka sí nǹkan bíi 110°C, méjì ń tọ́ka sí 150°C, mẹ́ta sì ń tọ́ka sí nǹkan bíi 200°C. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣì ń lò nígbà tí kò bá sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, kò ní àmì kankan. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó nìkan ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ aṣọ nípa iná

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí a ṣe ń dá aṣọ mọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára aṣọ lọ́jà kò tó, nítorí pé aṣọ tí wọ́n pè ní òwú lè jẹ́ pólíẹ́sítà pátápátá, ó sì lè jẹ́ àdàlù méjèèjì. Ọ̀nà tó yá jù ni pé kí èèyàn fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára aṣọ náà, kí ó fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo tí omi wà nínú rẹ̀, kí ó sì sún un mọ́ iná díẹ̀díẹ̀.

Bó bá jẹ́ òwú, yóò gbiná kíá, òórùn bébà tó ń jó ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ yóò sì fúyẹ́, yóò rọ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ sẹ́dà tàbí irun àgùntàn, òórùn irun tó ń jó ni yóò rùn, ohun dúdú tó bá sì kù yóò rún wómúwómú bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Pólíẹ́sítà kì í dúró de iná, ńṣe ni yóò fà sẹ́yìn, yóò yọ́, yóò sì yọ èéfín dúdú. Bó bá tutù, yóò fi kókó kékeré tó le bí ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù náà máa ń fà sẹ́yìn, á sì fi kókó líle sílẹ̀. Ásítéètì, tí wọ́n máa ń fi ṣe àwọn aṣọ ìtẹ́nú kan, yóò rùn bí ọtí kíkan. Àkírílíìkì, tí wọ́n fi ń ṣe òwú ìhunsúẹ́tà, máa ń gbiná gidigidi, ó sì ń kán tótó bó ṣe ń jó, nítorí náà kò yẹ kí a máa fi ṣeré.

Àdánwò kékeré yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àdánù. Aṣọ ẹbí tí áyọ́ọ̀nù bá gbà mú lálẹ́ ọjọ́ tí ayẹyẹ ku ọ̀la kì í ní àtúnṣe, owó aṣọ àti orúkọ télọ̀ ni yóò bá a lọ. Wàhálà rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ooru nìkan. Aláró tó bá ra pólíẹ́sítà lérò pé òwú ni yóò rí i pé àwọ̀ kò ní mú un, gbogbo làálàá rẹ̀ yóò sì di òfo.

Adìrẹ alábẹ́rẹ́ gba ọ̀nà mìíràn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ Yorùbá jù lọ nìyí. Àwọn obìnrin aládìrẹ, pàápàá ní Abẹ́òkúta, ti mọ oríṣi adìrẹ tí wọ́n ń pè ní alábẹ́rẹ́. Wọ́n á fi òwú tàbí ìko rán aṣọ funfun ní ìlà-ìlà tàbí ní róbótó, wọ́n á fa òwú náà le títí aṣọ yóò fi sún kì, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti so aṣọ pọ̀ kì í mu aró. Bí wọ́n bá tú òwú náà, àwòrán funfun yóò hàn lórí búlúù.

Aṣọ pólíẹ́sítà kì í gba aró ẹ̀lú bí òwú ṣe ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí a bá rán an lọ́nà kan náà gan-an, tí a fa òwú náà le, tí a sì gbé e sórí omi tó ń hó kí ooru rẹ̀ máa fẹ́ sí i fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ohun mìíràn ni yóò ṣẹlẹ̀. Ooru omi tó ń hó ju 80°C lọ, nítorí náà fọ́nrán aṣọ náà yóò rọ̀. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, tí a jẹ́ kó tutù, kó sì gbẹ dáadáa kí a tó tú òwú rẹ̀, gbogbo ìṣẹ́po, gbogbo kókó àti gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ dá sí i ni yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n so sínú aṣọ náà yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbá kékeré tó dúró ṣinṣin. Bí a bá fi omi tútù fọ aṣọ náà, kò ní tú. Ooru gíga, bíi ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ló lè nà án padà.

A lè sọ pé ohun tí òwú ń fi àwọ̀ rántí ni aṣọ ọ̀rá ń fi ara rántí. Ọgbọ́n ọwọ́ náà kò yàtọ̀, ohun tí a fi ń dán an wò ló yí padà. Ọlọ́jà ńlá kan tí ayé mọ̀ nídìí irú iṣẹ́ yìí ni Issey Miyake, ọmọ Japan tó kú lọ́dún 2022. Aṣọ oníṣẹ́po tó pè ní Pleats Please, tó gbé síta lọ́dún 1993, jẹ́ pólíẹ́sítà tí wọ́n kọ́kọ́ gé tóbi ju ara lọ dáadáa, tí wọ́n rán tán, kí wọ́n tó wá fi bébà méjì há a láàrin, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ olóoru tẹ̀ ẹ́. Rírán ló ṣáájú, iná ló tẹ̀ lé e.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé irú àyípadà báyìí jẹ́ ìwà àìmọ̀wọ̀ fún adìrẹ. Adìrẹ fúnra rẹ̀ gbèrú lára aṣọ funfun tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Láwọn ọdún 1930, nígbà ayé Aláké Ladapo Ademola Kejì, ìjà gidi bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lórí aró òyìnbó àti kẹ́míkà tí àwọn aláró ń dà sínú ìkòkò aró. Aláké fòfin dè é, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin aláró sì kọ̀ jálẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń béèrè bóyá ohun èlò tuntun yóò ba iṣẹ́ jẹ́ tàbí yóò gbé e ga. Kàǹpálà tó gba ìgboro lẹ́yìn náà fi hàn pé iṣẹ́ náà kò kú.

Òwú dúró, aṣọ lọ

Ọ̀nà kejì ni èyí tí oníṣẹ́ yóò fi jẹ́ kí iná jẹ aṣọ gan-an. Ìlànà rẹ̀ kò pọ̀: fi òwú gidi rán ọnà sára aṣọ ọ̀rá, lẹ́yìn náà kí o wá gbé ooru sún mọ́ ọn. Aṣọ yóò fà sẹ́yìn, yóò sún kì, yóò sì la ihò, ṣùgbọ́n òwú kò ní yọ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá léraléra ni aṣọ yóò ti dúró, ibi tó wà lófìfo ni iná yóò ti jẹ ẹ́. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ ló ń sọ ibi tí iná yóò dúró. Bí èèyàn bá fi òwú pólíẹ́sítà rán an, àtòwú àtaṣọ ni yóò jọ yọ́, iṣẹ́ náà yóò sì di ìṣùpọ̀ lásán. Èyí ni àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé pólíẹ́sítà ni púpọ̀ nínú òwú ẹ̀rọ tó wà lọ́jà.

Kò sí obìnrin Yorùbá tó ti ró kọ́ọ̀dù léèsì rí tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí lára. Léèsì náà kò ní aṣọ kankan lẹ́yìn, òwú nìkan ló so mọ́ òwú. Láwọn ọdún 1880 ni wọ́n ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà ní ilẹ̀ Yúróòpù: ẹ̀rọ á rán ọnà sórí aṣọ kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi kẹ́míkà jẹ aṣọ ìsàlẹ̀ náà dànù, ọnà nìkan ni yóò sì kù. Lónìí, aṣọ tí omi lè yọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 wá ni àwọn iléeṣẹ́ ìlú Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe léèsì fún àwọn oníbàárà Nàìjíríà, òwò náà sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àfihàn ńlá kan nípa rẹ̀ nílùú Vienna lọ́dún 2010. Ohun tí kẹ́míkà ń ṣe níbẹ̀ ni ooru ń ṣe nínú iṣẹ́ ọnà yìí.

Irinṣẹ́ tó wà nítòsí

Kò sí irinṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ yìí tí a ní láti ránṣẹ́ sókè òkun fún. Ọjà Alaba International, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọjà rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀. Irin gbígbóná ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ni irin kan náà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà òkèèrè fi ń gé ọ̀gánsà. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan aṣọ, ó ń gé e, ó sì ń pa etí rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpele aṣọ mẹ́ta bá wà lórí ara wọn, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ra níbi tó bá gbà kọjá. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n bá ti fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì rí kò yẹ kó tún kan aṣọ tí èèyàn yóò wọ̀ sára, nítorí májèlé ni òjé. Irin ọ̀tọ̀ ni kí aránṣọ ní.

Áyọ́ọ̀nù wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá fẹ́ fi lẹ ọ̀rá tàbí àpò mọ́ra, bébà tí àwọn aṣekéèkì ń tẹ́ sínú páànù ni kí a tẹ́ sísàlẹ̀ àti sókè rẹ̀, kí ọ̀rá má baà lẹ̀ mọ́ irin. Gọ́ọ̀mù sítéè tí télọ̀ fi ń mú ọrùn ẹ̀wù le, ọ̀rá yíyọ́ náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti lẹ̀ ẹ́ rí ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí láìmọ̀. Bákan náà ni àbẹ́là: àwọn tó ń ṣe òdòdó sátínì sára fìlà obìnrin máa ń gé aṣọ ní róbótó, wọ́n á sún etí rẹ̀ mọ́ iná kó lè ká sókè bí ewé òdòdó, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ kó wọn pọ̀ láàárín.

Àkísà tó lè di owó

Ìdí pàtàkì mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan agbègbè wa. Àjákù aṣọ tí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ń gbá dànù lójoojúmọ́ kì í jẹrà bó bá jẹ́ ọ̀rá. Inú gọ́tà ló ń bá ọ̀rá omi lọ, òjò a sì fi wọ́n dí ojú omi. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà kan ti fi hàn pé irú àkísà bẹ́ẹ̀ ní làákàyè nínú. Bright Ugochukwu Eke ti rán ọ̀rá omi pọ̀ di ẹ̀wù òjò àti agbòjò. Ifeoma Anyaeji ń lo ọgbọ́n irun olówùú, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń kó irun ọmọ, láti fi òwú wé ọ̀rá àlòkù, ó sì ń sọ wọ́n di ère ńláńlá. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò nílò iná, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdí kan múlẹ̀: ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ tàbí òwú lè sọ ohun tí wọ́n dà nù di ohun tí wọ́n ń wò.

Báàgì "Ghana-must-go" náà ní ìtàn tirẹ̀, nítorí lọ́dún 1983, tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú, ni orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Pólípírópílìnì ni, ó ń tètè yọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń fani mọ́ra. Ẹni tó bá gé e, tó fi òwú gidi rán an mọ́ àjákù ọ̀gánsà, tó sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́ láàrin bébà méjì, yóò rí ohun tí kì í ṣe báàgì mọ́, tí kì í sì í ṣe aṣọ.

Ewu tó wà ńbẹ̀

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èéfín ọ̀rá kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, bí a bá sì jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù tàbí àkírílíìkì jó, májèlé gidi máa ń wà nínú èéfín wọn. Èyí tó burú jù ni awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń bo àga àti báàgì, tó bá jẹ́ pé pólífáínì ni wọ́n fi ṣe é. Èéfín rẹ̀ ń di omi kíkan tó ń jẹ ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà kò yẹ kí ooru kàn án rárá. Ìta gbangba ni ibi iṣẹ́ yìí, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín lọ kúrò lójú oníṣẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ kékeré tàbí aláboyún wà kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kí korobá omi àti yanrìn wà nítòsí. Kí oníṣẹ́ wọ ẹ̀wù òwú, nítorí ẹ̀wù ọ̀rá tó bá gbiná yóò lẹ̀ mọ́ ara. Bí ọ̀rá yíyọ́ bá kán sára, kí a má ṣe já a kúrò, kí a má sì fi epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí a fi rọ ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí a lọ sílé ìwòsàn.

Ìwé àpẹẹrẹ

Ohun tó ya oníṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ sí ẹni tó kàn jó aṣọ ni àkọsílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà yìí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjákù aṣọ mẹ́wàá tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ó kọ orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan bí iná ṣe fi hàn án, irú òwú tó fi rán an, irinṣẹ́ tó lò àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ooru fi kàn án, kí ó sì lẹ èyí tí ooru kàn àti èyí tí kò kàn mọ́ ojú ewé kan náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé náà yóò di ohun tí kò sí lọ́jà, nítorí pé aṣọ tó wà ní ìgboro tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ìwé òyìnbó ń sọ. Oníbàárà yóò lè wo inú rẹ̀ kó mú èyí tó wù ú, ọ̀gá yóò sì mọ irú aṣọ tí kò yẹ kí áyọ́ọ̀nù sún mọ́.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù ju owó lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó bá fi ẹ̀sọ̀ gbé ooru sún mọ́ aṣọ ọ̀rá, tó sì ti fi abẹ́rẹ́ pààlà fún un ṣáájú, yóò ba àjákù díẹ̀ jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà kò ní bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.